Bí A Ṣe Lè Dín Ọ̀rá Ara Kù Láìfebi Pa Ara Wa

Bí ọjọ́ ìnáwó bá ti ń súnmọ́ tòsí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ìyá máa ń bi mí: kí ni wọn lè ṣe kí ara wọn fúyẹ́ kíákíá? Àwọn kan a máa febi pa ara wọn. Àwọn mìíràn a máa mu àgbo tí ń yà wọ́n nígbẹ́. Omi ni irú àgbo bẹ́ẹ̀ ń fà jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ìnáwó bá parí, ara a tún padà sí bí ó ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ju ti aṣọ ẹbí lọ, nítorí ọ̀rá àpọ̀jù a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà.

Kálórì ni a fi ń wọn agbára tí ó wà nínú oúnjẹ, bí a ti ń fi kóńgò wọn gàrí. Ara ní iye tí ó ń ná lójúmọ́. Bí a bá jẹ jù ú lọ, yóò kó èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́ bí ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ: ẹni ọdún 45, kílò 85, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 160. Ẹ sọ kílò rẹ̀ di ìlọ́po 10, ó di 850. Ẹ sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po 6.25, ó di 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,850. Ẹ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ di ìlọ́po 5, èyí jẹ́ 225; ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì tún yọ 161. Ó ku 1,464. (Fún ọkùnrin, ẹ má yọ 161, ẹ fi 5 kún un.) Bí ìyá náà bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.375: ó tó nǹkan bí 2,000. Bí ó bá jẹ 1,500, tí ó dín 500 kù lójoojúmọ́, yóò fi nǹkan bí ìdajì kílò fúyẹ́ lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rá kílò kan tó kálórì 7,700.

Báwo ni yóò ṣe pín 1,500 náà? Gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun, bíi gàrí, ní kálórì 4. Amáradàgbà, bíi ẹja àti ẹ̀wà, ní 4. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ní 9. Kí ó gba amáradàgbà gíráàmù 90, ọ̀rá 50, afáralókun 170. Amáradàgbà ni kí ó kọ́kọ́ rí sí, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí iṣan ara jò, a sì máa jẹ́ kí inú pẹ́ kí ebi tó pa á.

Èyí kò ní kí ẹ kọ oúnjẹ ilẹ̀ wa sílẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú gíráàmù 100, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bà, ní nǹkan bí kálórì 350. Ẹ wọ̀n ọ́ kí ẹ tó da omi sí i. Ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe ọ̀tá, epo tí a kì í wọ̀n ni ọ̀tá: ṣíbí ìjẹun kan péré tó kálórì 120. Ẹ dín epo kù, kí ẹ fi ẹja kún un. Ẹni tí ń gun ọ̀kadà lọ sí Òrù lè sọ̀kalẹ̀ kí ó tó débẹ̀, kí ó fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ẹ máa wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Bí kílò 5 bá ti lọ, ẹ tún ìṣirò ṣe, nítorí ara tí ó fúyẹ́ kì í ná tó ti àtẹ̀yìnwá. Bí ìyá wa yìí bá fi kílò 4 sí 5 péré fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ lè rọlẹ̀.

Aláboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọdé, àti ẹni tí ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ èyí láìkọ́kọ́ rí dókítà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.