Fa Káàdì Náà Lé E Lọ́wọ́

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà kan tó lágbára nílé lè fi ètò tó ń jẹ́ Proxmox dá kọ̀ǹpútà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lojú ń rí, àmọ́ nínú rẹ̀, ọ̀kan ń darí íntánẹ́ẹ̀tì ilé, ọ̀kan wà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan sì ń tọ́jú àwòrán ìgbéyàwó àti ìwé ilẹ̀. Èyí tó ń tọ́jú fáìlì yìí lọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

TrueNAS ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún iṣẹ́ náà. Inú rẹ̀ ni ZFS wà, ètò ìtọ́jú fáìlì tí àwọn òṣìṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 2001. ZFS kì í gba díìsìkì gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń kọ nǹkan pamọ́, yóò ṣírò nọ́ńbà kan láti inú ohun tó kọ, yóò sì fi nọ́ńbà náà síbòmíràn. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kà á, yóò tún un ṣírò. Bí nọ́ńbà méjèèjì ò bá dọ́gba, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ̀dà mìíràn bá wà lórí díìsìkì kejì, yóò fi ìyẹn tún èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí, torí pé lórí díìsìkì lásán, àwòrán lè bàjẹ́ fún ọdún pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu oníkàn ni ZFS fẹ́ ti gbọ́ pọ́n-ún. Bí Proxmox bá dúró sáàárín bí ògbufọ̀, díìsìkì àfarawé ni TrueNAS yóò máa bá sọ̀rọ̀. Kò ní mọ bí díìsìkì gidi ṣe gbóná tó, kò sì ní mọ iye ojú ibi tó ti kú lára rẹ̀. Irú ìròyìn yìí, tó ń jẹ́ SMART, ló sábà máa ń kìlọ̀ pé díìsìkì ti ń kú lọ. Ìṣètò kan tiẹ̀ wà tí ògbufọ̀ yóò fi dáhùn pé òun ti kọ nǹkan pamọ́, nígbà tó jẹ́ pé inú mẹ́mọ̀rí ló ṣì wà. Bí iná bá lọ lákòókò yẹn, ó parí.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ fa òdìdì káàdì tí àwọn díìsìkì so mọ́ lé TrueNAS lọ́wọ́. LSI 9211-8i, tó ń gba díìsìkì mẹ́jọ, wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú èyí nílé. Ìṣètò tí wọ́n ń pè ní IT mode ni kó wà, kí káàdì náà má bàa da díìsìkì pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi fáànù sí i, ó máa ń gbóná gan-an.

Nínú BIOS, ìyẹn ojú ìṣètò tó máa ń ṣí kí kọ̀ǹpútà tó tan tán, ẹ tan VT-d (orúkọ tí Intel fún IOMMU) bó bá jẹ́ Intel, tàbí IOMMU bó bá jẹ́ AMD. Káàdì lè kọ nǹkan sínú mẹ́mọ̀rí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. IOMMU ló ń sé e mọ́ inú mẹ́mọ̀rí TrueNAS nìkan, kó má bàa ba tàwọn yòókù jẹ́. Ìdí nìyí tí mẹ́mọ̀rí tí ẹ bá fún TrueNAS fi di tirẹ̀ pátápátá níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

IOMMU tún máa ń kó àwọn ẹ̀rọ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, àwọn tó bá sì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Bí káàdì díìsìkì bá bá káàdì íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹgbẹ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ kì í bọ ojú ihò mìíràn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, díìsìkì tí Proxmox fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ so mọ́ káàdì yẹn. Ní ìṣẹ́jú tí TrueNAS bá gbà á, Proxmox kò ní rí díìsìkì tirẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀rọ yóò sì dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó kó àwòrán kankan sínú rẹ̀, ẹ ṣí TrueNAS, kí ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ díìsìkì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára díìsìkì náà mu, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.