Ìtọ̀ Ọmọdé àti Àrùn Kíndìnrín

Kíndìnrín méjì ni ó wà lára ènìyàn, ní ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó ìkúùkù ẹni tí ó ni í. Iṣẹ́ wọn ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè bá ìtọ̀ jáde. Ohun tí ó mú kí àrùn wọn ṣòro láti mọ̀ lára ọmọdé ni pé kì í sábà dunni. Ọmọ tí etí ń dùn yóò sunkún. Èyí tí kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́ lè máa ṣeré ní àgbàlá. Nítorí náà, ìtọ̀ ni kí ìyá máa ṣọ́.

Ìkókó tí ara rẹ̀ dá a máa tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Bí wákàtí 12 bá kọjá tí ọmọ kò tọ̀ rárá, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni ó sábà ń fà á, nítorí omi ara ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé kíndìnrín tó.

Ojú tí ó wú ní òwúrọ̀, tí ó sì rọlẹ̀ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń wú, kì í ṣe sísanra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ilé a máa yọ̀ sí i. Bí ìtọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń hó bí ọṣẹ, èròjà aṣaralóore inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń jò dànù. Ìtọ̀ tí ó pọ́n dúdú bí tíì, ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn ọ̀fun dídùn, tàbí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn egbò ara, lè ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń bá a rìn lè fa gìrì.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ni èyí tí a fi ṣíbí bù sí ọmọ lẹ́nu. Ní oṣù November ọdún 2008, a bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wá sí ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, tí ara wọn gbóná, tí wọ́n ń bì, tí wọn kò sì tọ̀ mọ́. Oògùn eyín olómi kan ni wọ́n ti mu. Diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀, májèlé tí ó dùn lẹ́nu, tí a ń lò nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó ba kíndìnrín wọn jẹ́; ọmọ 84 ni ó kú kí ọ̀ràn náà tó rọlẹ̀ ní ọdún 2009. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn àti Jos ní ọdún 1990, nínú paracetamol olómi. Eyín yíyọ kì í ṣe àrùn rárá. Ìka mímọ́ tí a fi ra erìgì ọmọ tó fún un.

Ní ilé ìwòsàn, a ó ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ ọmọ, a ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹ̀ wò. Kí ìyá mú ìgò oògùn tàbí àgbo tí ọmọ mu lọ́wọ́, kí ó sì lè sọ ìgbà tí ọmọ tọ̀ kẹ́yìn.