Ìwọ̀n Ọmọ Tí Ìyá Rẹ̀ Ní Àtọ̀gbẹ Inú Oyún

Bí a bá bí ọmọ tí ó tóbi, ayọ̀ a gba ilé kan. Olúkúlùkù àlejò a sì máa yìn ín. Èmi náà ti yin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìlera gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni títóbi ọmọ jẹ́ àmì ìlera.

Àtọ̀gbẹ inú oyún ni èyí tí a kọ́kọ́ rí lára obìnrin nígbà tí ó lóyún. Báwo ni ó ṣe ń sọ ọmọ di ńlá? Dókítà Jørgen Pedersen ti ìlú Copenhagen ṣàlàyé rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ínsúlínì ìyá, èyí tí ń darí ṣúgà náà, kì í kọjá. Nítorí náà, bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe ínsúlínì púpọ̀. Ínsúlínì yìí a máa mú un dàgbà, a sì máa sọ ṣúgà di ọ̀rá ní èjìká àti ikùn. Ìdí nìyí tí orí ọmọ fi lè jáde tán kí èjìká sì há.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí a bá gé ìwọ́, ṣúgà ìyá dópin lójijì, ṣùgbọ́n ínsúlínì púpọ̀ ṣì wà lára ọmọ. Láàárín wákàtí díẹ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, kí ọmọ ńlá tí a ń yìn máa gbọ̀n, tàbí kí ó má lè mu ọmú. Nítorí náà ni a ṣe ń tètè fún un ní ọmú, tí a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Síbẹ̀, ṣúgà nìkan kọ́. Ìyá tí ó ti sanra kí ó tó lóyún, tàbí tí ó sanra jù nínú oyún, a máa bí ọmọ tí ó tẹ̀wọ̀n, bí ṣúgà rẹ̀ tilẹ̀ dára. Ọmọkùnrin a máa wúwo díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Àkọ́bí a sì máa fúyẹ́ ju àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá mímu, ní tiwọn, a máa dín ìwọ̀n kù, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ alátọ̀gbẹ lè kéré.

Ní 2008, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí aboyún tí ó lé ní 23,000 ní ilẹ̀ 9. Bí ṣúgà ìyá ṣe ń gòkè ni ìwọ̀n ọmọ ń gòkè, kò sì sí ààlà kan pàtó tí a lè fi ìka tọ́. (Kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kankan nínú 9 náà, ó dùn mí.)

Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni a sábà máa ń yẹ ìyá wò: yóò mu omi ṣúgà, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ni àmójútó oúnjẹ, yíyẹ ṣúgà wò déédéé, àti ínsúlínì fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Nínú ìwádìí tí àwọn oníṣègùn Ọsirélíà tẹ̀ jáde ní 2005, ọmọ 10 nínú 100 ni ó tó kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí a tọ́jú báyìí; lọ́dọ̀ àwọn yòókù, 21 ni.