ÌPERÍ ÀÌSÀN NÍ ÈDÈ YORÙBÁ: Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ WÍWÚ LẸ́YÌN ÌTỌ́JÚ ONÍTÀNṢÁN

Ìfáárà
Orúkọ tí a bá pe àìsàn ni ó sábà ń tọ́ka sí ọ̀nà tí a ó gbà wò ó. Bí orúkọ bá ṣini lọ́nà, ìtọ́jú náà lè ṣìnà. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò nìyí, nípa àìsàn kan tí ó lè ṣe ẹni tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Agbègbè Ìjù, nítòsí Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni a ó fi ṣe àwòṣe. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ ní àyíká ibẹ̀, kò sì ṣòro láti di ẹ̀bi ikọ́ ru èéfín àti eruku.

Bí àìsàn náà ṣe ń wáyé
Ìtànṣán tí à ń wí yìí kì í ṣe ti oòrùn tí ojú ń rí. Wilhelm Röntgen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣàwárí X-ray ní ọdún 1895. Nígbà tí àwọn oníṣègùn bá darí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀, sí kókó jẹjẹrẹ, yóò ba kókó náà jẹ́ kí ó má baà lè dàgbà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró tí ó yí kókó náà ká, tí àrùn kò sí nínú rẹ̀, a máa gba díẹ̀ nínú ìtànṣán náà. Ní ara àwọn kan, ibi tí ó kàn yóò wú.

Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Láàrin oṣù 1 sí oṣù 6 lẹ́yìn ìtọ́jú ni ó sábà ń fara hàn. Ikọ́ gbígbẹ, àìlèmí délẹ̀, ibà díẹ̀ àti àyà ríro ni àmì rẹ̀. Àwọn kan kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, àwòrán àyà nìkan ni ó ń fi í hàn. Ti àwọn díẹ̀ sì lè le dé ojú ikú. Kòkòrò àrùn kọ́ ni ó fà á, nítorí náà oògùn apakòkòrò kò lè wò ó. Bí ó bá ń ni aláìsàn lára, oògùn tí ń mú wíwú rọlẹ̀, bíi prednisolone, ni dókítà sábà ń lò, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí aláìsàn bá dá a dúró lójijì, ikọ́ náà lè padà.

Ìṣòro orúkọ
Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bàbá kan ní Ìjù. Ó gba ìtọ́jú onítànṣán ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní ọdún 2019. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ikọ́ dé. Àwọn ará ilé ní òtútù àyà ni. Wọ́n fi róòbù pa á láyà, wọ́n ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́mísì. Kò sí ẹni tí ó rántí ìtànṣán, nítorí pé orúkọ tí wọ́n pe àìsàn náà kò rán wọn létí rẹ̀.

Bí a bá wo ìhun orúkọ àìsàn ní èdè Yorùbá, ọ̀nà mẹ́ta hàn gbangba:
(i) ohun tí a gbà pé ó fa àìsàn: òtútù àyà;
(ii) àmì tí a fi ń dá a mọ̀: ìtọ̀ ṣúgà;
(iii) ohun tí ó ń ṣe fún ara: rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀.

Òtútù àyà kò bá àìsàn yìí mu, nítorí pé ó fi ohun tí ó fà á pamọ́. Ẹlòmíràn lè dábàá 'ìpalára ìtànṣán'. Èyí sọ ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n ó lè lé aláìsàn sá fún ìtọ́jú tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ohun tí a fara mọ́ ni 'ẹ̀dọ̀fóró wíwú nípasẹ̀ ìtànṣán'. Ó dárúkọ ibi tí ó ń dunni, ó sọ ohun tí ó ṣe ibẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó fà á. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'wú' tún ní ìrètí nínú: ohun tí ó wú lè rọlẹ̀. Fún èyí tí ó bá kù sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró sì le gbagidi, a lè lo 'àpá inú ẹ̀dọ̀fóró'. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé àpá kì í jinná bí ẹni pé egbò kò sí níbẹ̀ rí.

Àgbálọgbábọ̀
Ìperí nìkan kò tó. Gbólóhùn tí a ó fi bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. A dábàá èyí: 'Bàbá, ìtànṣán tí a fi tọ́jú yín lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró yín wú ní oṣù díẹ̀ sí i. Bí ikọ́ bá dé, tàbí tí ẹ kò lè mí délẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní òtútù. Ẹ tètè padà wá, kí ẹ sì sọ fún dókítà tí ẹ bá kọ́kọ́ rí pé ẹ ti gba ìtọ́jú onítànṣán.' Kì í ṣe gbogbo ikọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ni ti ìtànṣán. Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn, ó sì lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà ni ó padà. Dókítà ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ tiwa, àwa olùkọ́ èdè, ni pé kí a fún aláìsàn ní ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà náà ní àkókò.