Ẹni Tó Yọ Nínú Ewu Lè Má Tíì Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí Ọlọ́run sì yọ èèyàn nínú rẹ̀, a máa ń ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ká ṣe sàráà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí egbò bá ti jinná, nǹkan mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé míì. Ẹni tí a dúpẹ́ fún kì í sùn mọ́. Àlá kan náà ló ń jí i lóru, òógùn á ti bò ó. Bí táyà bá bẹ́ ládùúgbò, á ti fò dìde. Inú ń tètè bí i sáwọn ọmọ, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn làwọn ará ilé á wá máa sọ fún un pé kó gbàgbé, ṣé kò rí àwọn tó bá ibẹ̀ lọ ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún un mọ́. Kì í ṣe aláìmoore, kì í sì í ṣe ojo. Àìsàn ni, PTSD lorúkọ tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sí nínú ìwé wọn láti ọdún 1980. Ara onítọ̀hún dà bí ajá ilé tó ṣì ń gbó lẹ́yìn tí olè ti lọ. Ó lè mú ẹni tí wọ́n jí gbé, ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ìyá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lórí ìkúnlẹ̀, àtẹni tó wà nínú ìjọ Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí àwọn agbébọn kọlù ú lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tó sì jáde láàyè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn ń balẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fipá mú un kó ròyìn gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìyẹn lè dá kún ìpalára. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ wá ibi tí ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ sùn fún un, ẹ bá a pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Ẹ má jẹ́ kó fi párága tàbí tramadol wá oorun, ẹ má sì ra oògùn oorun fún un láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Tó bá ti lé ní oṣù kan tí kò tíì padà bọ̀ sípò, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìwòsàn ọkàn, àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tẹ́rápíìsì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nìyí: sísá fún ohun tó ń bani lẹ́rù ló ń bọ́ àìsàn yìí. Ẹ wo awakọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́, tí ọkọ̀ rẹ̀ takìtì, tí èrò sì kú nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò wọ ọkọ̀ ẹlòmíì mọ́. Lẹ́yìn náà, kò jáde nílé mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá yẹra, ara á tù ú díẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, torí ara ń kọ́ ọ pé àìjáde ló gbà á là.

Onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ní kó lọ wa ọkọ̀ lọ́la. Wọ́n á jọ to ohun tó ń bà á lẹ́rù, látorí èyí tó kéré jù. Ó lè kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, kó sì wà níbẹ̀ títí ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ rẹ̀ á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wà á yí àdúgbò ká. Nínú yàrá ìtọ́jú, á máa sọ ìtàn ọjọ́ náà lápá tó lè gbé, á sì kọ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sínú ìwé: "Èmi ni mo pa wọ́n." Wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó mọ̀ pé táyà máa bẹ́? Kí ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Irú ìwòsàn báyìí sábà máa ń gba nǹkan bí ìpàdé méjìlá. Dókítà sì lè fi oògùn bíi sertraline kún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sá nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlá àti ẹkún lè pọ̀ sí i fún àwọn kan, wọ́n á sì ní ìtọ́jú ọ̀hún ló ń dá kún un. Ẹ má dá ìtọ́jú náà dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún onímọ̀ náà, kó dín ìṣísẹ̀ kù. Pásítọ̀ àti àlùfáà tó ń gbàdúrà kì í ṣe ọ̀tá ìtọ́jú, àmọ́ ẹ sá fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ da oògùn nù, tàbí tó fẹ́ de èèyàn mọ́lẹ̀.

Ìtìjú ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá àti Árò ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣègùn ọpọlọ Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Árò, Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ṣe ló fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé, tí ìbátan wọn sì bá wọn gbé, nítorí ó mọ̀ pé ẹbí jẹ́ ara ìwòsàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù Kíní ọdún 2023 sì ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Bí Árò tàbí Yábàá bá jìnnà, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ onímọ̀. Ẹ bi onímọ̀ tí ẹ bá rí pé ibo ló ti kọ́ṣẹ́, ṣé ó sì ti tọ́jú irú ìpayà báyìí rí.

Bí ẹni náà bá sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn inú ilé kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.