Àjàní, Dí Ihò Ilé Ná

Àjàní, pa hítà yẹn ká jọ sọ̀rọ̀. Mo ní kó o pa á. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ, ooru rẹ̀ kò sì kọjá orúnkún mi. Wo ọmọ yìí: ó wọ kóòtù, ó dé fìlà, nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀!

Inú mi dùn pé o ra ilé, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ jọ ti Port Harcourt wá sí Scotland níbí wá ṣiṣẹ́ epo ló ṣì wà nínú ilé onílé. Ṣùgbọ́n ilé tó o rà yìí jìnnà sí Aberdeen, ó kọjá Inverurie, páìpù gáàsì kò dé abúlé yín, òkúta akọ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀ láyé àtijọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ní òfin tirẹ̀. O kò bi mí léèrè. Ìgbà tí ìyàwó rẹ fi bíìlì iná hàn mí ni mo tó mọ̀ pé owó tí ẹ ń kó fún àwọn oníná ti ju owó oúnjẹ yín lọ. Ìwọ tí mo gbé pọ̀n! Ṣé torí pé mo ti fẹ̀yìn tì lo ṣe rò pé n kò mọ nǹkan kan mọ́?

Má bẹ̀ mí. Gbọ́ mi ni.

Yí ìdí hítà yẹn sókè kó o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: 2,000 watt. Ìyẹn ni pé ní wákàtí kan péré, ó ti jẹ yúníìtì 2. Yúníìtì kan tó nǹkan bíi pẹ́ńsì 26, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni Ofgem, àjọ tó ń bójú tó owó iná, ń yí òdiwọ̀n náà padà. Tó o bá tàn án láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó o ti ibi iṣẹ́ dé títí di aago mọ́kànlá, ó ti jẹ ju £3 lọ. Méjì lẹ sì ní, ọ̀kan wà ní yàrá ọmọ. Ṣírò rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà òtútù, wàá rí i pé ó ju £1,000 lọ, òtútù ṣì ń mú yín síbẹ̀.

Èyí tó o rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́, tí wọ́n ní kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ àmọ́ tí yóò mú gbogbo ilé gbóná? Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ, ọkọ mi. Kò sí hítà oníná kankan tó lè fi yúníìtì iná kan mú ju yúníìtì ooru kan jáde. Ì báà jẹ́ èyí tí epo wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ oníwáyà, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n fi dígí ṣe, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní tòun yàtọ̀, owó rẹ ló ń wá.

Mo wá gbọ́ pé o fẹ́ fi sólà wo ìṣòro náà sàn. Ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn yín, ó mu tíì, ó ní kẹ́ ẹ kó pánẹ́ẹ̀lì 16 sórí òrùlé, ẹ kò sì ní sanwó iná mọ́ láé. O ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Mo mọ ibi tó o ti rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn ra pánẹ́ẹ̀lì, ó ra ínfátà àti bátìrì, ó bọ́ lọ́wọ́ NEPA, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń fẹ́ lọ́sàn-án gangan. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ní Ìbàdàn, ìgbà tí oòrùn bá mú jù lọ gan-an lèèyàn ń wá ìtura, nítorí náà oòrùn tó ń dààmú rẹ̀ náà ló ń bá a sanwó ìtura. Níbí, bí òtútù bá ti ń bọ̀ ni oòrùn ń lọ. Ní oṣù Kejìlá, ó máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí oòrùn tó yọ ní Aberdeen, kí aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán sì tó lù, ó ti wọ̀. Láàárín ìyẹn náà, kì í gòkè, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló ń rìn. Ohun tí pánẹ́ẹ̀lì máa mú wá ní gbogbo oṣù Kejìlá kì í tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ń mú wá ní oṣù Kẹfà. Ǹjẹ́ ọkùnrin yẹn sọ ìyẹn fún ọ kó tó mu tíì tán?

Ohun tí mo ń sọ fún ọ ni pé o ti ìrù bẹ̀rẹ̀. Sólà dára, mo máa padà sórí rẹ̀. Òun kọ́ ló kàn.

Lọ mú tíṣù kan wá. Dì í mú síwájú ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn. O rí i bó ṣe ń jó? Gbé e dé ẹnu ihò èéfín tí ẹ kò dáná níbẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ já gbà lọ́wọ́ rẹ! Gbé e lọ sí etí fèrèsé yàrá ọmọ náà, kó o rí ibi tí ọmọ rẹ ń sùn sí. Ẹni tó bá ń mú irú ilé yìí gbóná, omi ló ń pọn sínú agbọ̀n. Búrọ́ọ̀ṣì ihò lẹ́tà kò wọ́n, rọ́bà etí fèrèsé kò wọ́n, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò èéfín náà kò wọ́n. Ìwọ fúnra rẹ lè ṣe gbogbo rẹ̀ ní Sátidé kan.

Mo tún tan tọ́ọ̀ṣì wo òkè àjà yín. Wúlù tó wà níbẹ̀ ti rún mọ́lẹ̀, kò ga tó ìka ọwọ́ mi. Mìlímítà 270 ni wọ́n ní kó jìn tó lóde òní. Ilé tí kò bá ní nǹkan kan lókè àjà rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ooru rẹ̀ ló ń gba òrùlé jáde lọ sọ́run. Ti ògiri òkúta ni kó o ṣe sùúrù sí. Ògiri bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀rinrin, ó sì ń tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá fi ohun tí kò yẹ bò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, dúdú-dúdú á hù lára rẹ̀, àyà ọmọ ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ ilé àtijọ́ ni kẹ́ ẹ pè sí i. Ẹ má sì dí ihò afẹ́fẹ́ ilé ìwẹ̀ àti kíṣìnnì pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni heat pump. Má fajú ro. Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, pé kì í ṣiṣẹ́ bí òtútù bá le. Ta ló sọ fún wọn? Ní Norway, níbi tí òtútù ti le ju tibí lọ fíìfíì, ó ju ìdajì àwọn ilé lọ tó ní in. Sweden àti Finland náà kò gbẹ́yìn.

Fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ó gbóná, àbí kò gbóná? Ooru tó kó kúrò nínú rẹ̀ ló ń dà sẹ́yìn yẹn. Iṣẹ́ kan náà ni heat pump ń ṣe, àfi pé inú afẹ́fẹ́ ìta ló ti ń kó ooru wá sínú ilé. O máa bi mí pé ooru wo ló wà níta nígbà tí yìnyín ti bo ilẹ̀. Ó wà. Gáàsì kan ló ń yí po nínú páìpù rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tuntun, propane ni, ọ̀kan lára gáàsì inú sílíńdà tí wọ́n fi ń dáná. Propane máa ń hó ní ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 5 nísàlẹ̀ òdo tó ń mú ìwọ gbọ̀n jìnnìjìnnì, ooru ni lójú tirẹ̀. Yóò gba ooru yẹn, yóò di oru, ẹ̀rọ náà yóò wá fún un pọ̀. Bó ṣe ń fún un ni yóò máa gbóná sí i, títí yóò fi gbé ooru náà fún omi tó ń lọ sínú rédíétọ̀. Kì í dá ooru sílẹ̀, kíkó ló ń kó o. Ìdí nìyẹn tí yúníìtì iná kan fi lè di yúníìtì ooru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tá a bá ro gbogbo ọdún pọ̀, tí wọ́n bá sì tò ó bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ tí òtútù bá le gan-an ó lè rẹlẹ̀ sí méjì. Hítà rẹ, ọ̀kan ṣoṣo ni, láti ọdún dé ọdún.

Kì í sì í ṣe ọgbọ́n àná. Ní 1852 ni William Thomson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Glasgow, tí wọ́n wá ń pè ní Lord Kelvin, ti kọ̀wé nípa rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ kó má baà já ọ láyà. Ní òwúrọ̀ tí ìrì dídì bá pọ̀, yìnyín máa ń bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà níta, funfun báláú. Fáànù rẹ̀ á dúró, á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wàá gbọ́ fùùù, oru funfun á rú sókè, omi á máa kán sílẹ̀ tó-tó-tó. Bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ti sáré wá kan ilẹ̀kùn mi rí pé ilé mi ń jó! Ẹ̀rọ náà ló yí iṣẹ́ rẹ̀ padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti yọ́ yìnyín tó wà lára rẹ̀. Sọ fún ẹni tó bá ń tò ó pé kó ṣe ọ̀nà tí omi yẹn máa gbà lọ, kó má lọ dì sójú ọ̀nà tí ìyàwó rẹ ń gbà kọjá tòun tọmọ.

Ilé yín kò ní rédíétọ̀ olómi, nítorí náà wọ́n á tú ilẹ̀, wọ́n á ri páìpù, eruku á sì pọ̀. Ẹ fara dà á. Kí rédíétọ̀ náà tóbi, torí omi tó ń wọ inú rẹ̀ kì í gbóná bíi ti bọ́ílà. Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, jọ̀wọ́, má ṣe é bó o ṣe ń ṣe hítà yìí, tán-an-pa-á, tán-an-pa-á. Fi í sílẹ̀ kó máa lọ jẹ́jẹ́ tọ̀sán-tòru. Tó bá jẹ́ ilé tó ní gáàsì lo rà, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀, torí owó yúníìtì gáàsì kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti iná lọ, èrè heat pump lè má tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìwọ tó jẹ́ pé hítà ni gbogbo ìgbóná ilé rẹ, ìdá kan nínú mẹ́ta iná tó ò ń jó báyìí ló máa fún ọ ní ooru kan náà.

Ó wá ku sólà. Láti oṣù Kẹta títí dé oṣù Kẹsàn-án, ìrànwọ́ ńlá ni. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ooru. Kódà, ó máa ń ṣe dáadáa sí i bí ara rẹ̀ bá tutù. Á fọ aṣọ, á se ọbẹ̀, á mú omi ìwẹ̀ gbóná, ẹ sì lè ta èyí tó ṣẹ́ kù: láti oṣù Kìíní 2020 ni òfin ti ní kí àwọn ilé iṣẹ́ oníná ńlá máa sanwó fún un. Bátìrì á tún wúlò fún yín lọ́gìnnìtìn, torí àwọn kan ń ta iná lówó pọ́ọ́kú lóru; ẹ rọ ọ́ kún lóru, ẹ lò ó lọ́sàn-án.

Ohun kan wà tí kò jọ ti Ìbàdàn rárá. Bí iná ìjọba bá lọ níbí, sólà lásán náà á kú ni, kódà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà gbé àwọn tó ń tún wáyà ṣe lójú pópó. Nígbà tí ìjì Arwen jà ní oṣù Kọkànlá 2021, àwọn ilé kan ní agbègbè yín yìí lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú òkùnkùn. Nítorí náà, tó o bá máa ra bátìrì, bi wọ́n pé ṣé ó lè dá gbé ilé bí iná bá lọ. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.

Má sọ pé owó kò sí. Home Energy Scotland ní £7,500 tí wọ́n ń fi ran onílé lọ́wọ́ lórí heat pump, wọ́n sì ń fi £1,500 kún un fún ará abúlé. Ẹ kò ní dá a padà. Ẹ̀yáwó tí kò lélé tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ìjọba kò sì gba VAT lórí heat pump àti sólà títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2027. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ kí lẹ́tà ìfọwọ́sí Home Energy Scotland tó dé, wọn kò ní fún yín ní kọ́bọ̀, ẹni tó bá sì máa ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí MCS.

Nítorí náà, ọmọ mi, pe ọkùnrin onípánẹ́ẹ̀lì yẹn lálẹ́ òní, sọ fún un pé kó ní sùúrù. Lọ́la, pe Home Energy Scotland, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn. Sátidé, mò ń bọ̀ wá bá yín dí ihò, màá sì gbé ọbẹ̀ wá. Kí n má bá kóòtù lọ́rùn ọmọ yẹn mọ́.