Ilé Ọba Tó Jó

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Kò sẹ́ni tí a máa túmọ̀ èyí fún. Òwe ìtùnú ni, èmi náà sì ti fi ṣìpẹ̀ fún àwọn tí iná sọ ṣọ́ọ̀bù wọn di eérú. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ní Bódìjà Àtijọ́ n'Ìbàdàn, ẹnu ẹni tó dúró ti katapílà tó ń wó ilé baba rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Iná kò jó ilé náà. Ọ̀kan lára àwọn ilé ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni, ògiri rẹ̀ kò sán, igi òrùlé rẹ̀ kò jẹrà. Pílásà ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, bí èyí tó ti kún ojú títì láti Ring Road dé Challenge. Inú bí mi gidigidi, inú ọ̀hún kò sì tíì rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́, kó bi ará Èkó léèrè Ilojo Bar. Gbàgede Tinúbú ni ilé náà wà tẹ́lẹ̀. Ìdílé Fernandez, lára àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ ní 1855. Àwọn Àgùdà yìí, ọmọ wa ni wọ́n: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn tún wọkọ̀ òkun padà wá tẹ̀dó sí Èkó, Àgùẹ́ àti Pọ́tò-Nóvò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀. Bíríkìlà àti káfíńtà wọn ló ń tẹ orí fèrèsé bí ọrun, tí wọ́n ń mọ òdòdó sára ògiri, tí wọ́n ń gbẹ́ igi ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè bí ẹni ń gbẹ́ ère. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àrà wọn dé Ìbàdàn pẹ̀lú: ẹ gba Bẹẹrẹ lọ sí Ọjà Ọba, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí i lára pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn olówó kòkó fi amọ̀ kọ́.

Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya ra ilé Fernandez. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ó di ohun tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, tí ọ́fíìsì ìjọba wà ní títì, wọ́n gbé katapílà wá, wọ́n sì wó o. Ilé ọdún 161!

Ẹwà wo ló bù sí i? Ọwọ́ tó mọ òdòdó yẹn ti kú, kò sì sí iye owó tó lè jí i. Ibí yìí ni mo ti bá òwe wa jà. Ọba tí ilé rẹ̀ jó ní gbogbo ìlú tí yóò gbé amọ̀ àti igi wá. Oyè rẹ̀ kò sì bá ògiri jóná. Ta ni yóò tún ilé Fernandez kọ́? Àti pé òwe náà ní ilé jó ni. Kò ní kí ọmọ onílé ti iná bọ̀ ọ́. Ilé tó jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀, bó bá wó, ẹwà ti tán nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ kọ́ àjà mẹ́wàá sípò rẹ̀.

Ilé àtijọ́ ṣeé tọ́jú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì parí ní Àgbádárìgì ní 1845 ṣì wà lórí ìdúró títí dòní.

Mo mọ̀ pé owó ni ọ̀pọ̀ àrólé ń wá. Ẹ fi iwájú ilé háyà, kí ẹ fi owó rẹ̀ tọ́jú ẹ̀yìn. Òjò ni ọ̀tá ilé amọ̀, ọjọ́ orí kọ́: níbi ìpàdé ẹbí, owó páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ dá, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi tó wọnú amọ̀ rọ́nà jáde. Ìta á máa dán, inú á máa rọ̀, lọ́jọ́ kan á dà wó. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun ilé, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tó kọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan dá ilé ẹbí tà: bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí kò bá fọwọ́ sí i, kóòtù lè fagi lé títà náà.

Ẹ̀yin tí ilé baba yín ṣì dúró, ní Bódìjà, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Pópó Àgùdà, mo bẹ̀ yín, ẹ pe káfíńtà sí òrùlé rẹ̀ kí òjò tó dé.